Oògùn ẹ̀yìn ríro ló ń ba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá mi jẹ́? Ẹ gbà mí o

ỌmọẸlẹ́ja
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo gbé wá. Wọ́n ti pé ọdún 62, ẹja ni wọ́n ń tà ní ọjà Olúwo níbí ní Ẹ̀pẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru: lisinopril kan láràárọ̀, pẹ̀lú oògùn tó ń mú ni tọ̀. Ara wọn gbà á dáadáa. 130 lórí 80, 134 lórí 82, ibẹ̀ la máa ń bá a. Àfi bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn tí nǹkan yí bírí. Ó di 160, ó di 170, lọ́sẹ̀ tó kọjá ó bọ́ sí 178 lórí 104. Ẹsẹ̀ wọn wú. Tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ wọn, ojú ibẹ̀ á jìn wọlé bí ìgbà tí èèyàn tẹ ẹ̀kọ tútù, á sì pẹ́ kó tó ru padà.

Mo kọ́kọ́ rò pé wọn ò lo oògùn wọn ni. Mo ka èyí tó kù nínú páálí, ó pé géérégé. Dókítà ní ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí kíndìnrín máa sẹ́ jáde, tó jẹ́ 98 lọ́dún tó kọjá ti di 214. Dókítà wá bi wọ́n pé, "Mà, kí ni ẹ tún ń lò mọ́ ọn?" Wọ́n ní àwọn ò lo nǹkan kan. Ó bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n búra. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kí wọ́n tó tú ìdí ìró wọn, wọ́n yọ ọ̀rá kékeré kan, ni diclofenac bá jáde. Ẹ̀yìn ló ń ro wọ́n. Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́jà yẹn, èèyàn á ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ pákó láti ìdájí, á máa ha ìpẹ́, á máa la ẹja. Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, ó ti tó oṣù mẹ́rin. Lójú tiwọn, ìyẹn ò tó ohun tí èèyàn ń pè ní oògùn, "ti ara ríro lásán" ni.

Dókítà mi orí. Ó ní, "Màmá, ẹ ti pa prostaglandin inú kíndìnrín yín lẹ́nu mọ́." Èrò pọ̀ lẹ́yìn wa, nọ́ọ̀sì ti ń pe nọ́ńbà tó kàn, mi ò rí i bi. Ta ló lè ṣàlàyé rẹ̀ fún mi? Ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n, kí ló kan kíndìnrín?

Ìtàkùn_Ọ̀sà
Mo jókòó tì í. Ìyá tèmi náà ń gbé oògùn sídìí ìró.

Káyọ̀_Òkè-Balógun
Prosta kí ni? Ṣebí ọkùnrin ló ní prostate? Àbí fáìlì ẹlòmíì ni dókítà ń kà 😂

Apòògùn_EtíỌ̀sà
Káyọ̀, ẹ̀rín rẹ ò burú, orúkọ yẹn ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ará Sweden kan, Ulf von Euler, ló rí nǹkan náà nínú àtọ̀ ọkùnrin ní nǹkan bí ọdún 1935. Ó rò pé inú prostate ló ti ń wá, ló bá fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n tó mọ̀ pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí ara kì í ti ṣe é: inú, ilé ọmọ, ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín, tọkùnrin tobìnrin. Orúkọ sì ti mọ́ ọn lára.

ỌmọẸlẹ́ja, òótọ́ ni dókítà yín sọ. Ẹ jẹ́ kí n gbà á wẹ́wẹ́.

Họ́mọ́ònù tí a máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, bí insulin, ibì kan ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹ̀jẹ̀ á wá gbé e káàkiri ara. Prostaglandin jọ họ́mọ́ònù, ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà. Ibi tí wọ́n bá ti ṣe é náà ló ti ń jíṣẹ́, kò sì ní pẹ́ tó fi máa pòórá. Ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Kánò yàtọ̀ sí ẹni tó yọrí lójú fèrèsé pe ará ilé kejì pé "ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn." Ará ojú fèrèsé ni prostaglandin.

Kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ní asẹ́ kéékèèké tó tó mílíọ̀nù kan. Ẹ fi ojú páìpù méjì wo asẹ́ kọ̀ọ̀kan: páìpù kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé, èkejì ń gbé e jáde. Kí omi àti ìdọ̀tí tó lè sẹ́ bọ́ sí ọ̀nà ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ ní agbára láàárín páìpù méjèèjì. Nígbà tí omi ara bá dín, prostaglandin á ní kí páìpù àbáwọlé là sí i. Ońṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ angiotensin á ní kí páìpù àbájáde fún díẹ̀. Àbáwọlé là, àbájáde fún, agbára ò tán láàárín, asẹ́ ń ṣiṣẹ́ lọ.

Ó wá kan oògùn màmá. Lisinopril kò jẹ́ kí ara ṣe angiotensin púpọ̀, nítorí náà àbájáde là. Ìyẹn dára, ó ń gba asẹ́ lọ́wọ́ agbára àpọ̀jù, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Oògùn tó ń mú wọn tọ̀ dín omi inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ìyẹn náà dára. Ṣùgbọ́n ó ti wá ku prostaglandin nìkan tó di ilẹ̀kùn àbáwọlé mú. Òun gan-an ni diclofenac kò jẹ́ kí wọ́n ṣe mọ́. Àbáwọlé fún, àbájáde là, omi inú ẹ̀jẹ̀ ti dín. Kí ló kù tí asẹ́ fẹ́ fi sẹ́? Creatinine tí ò rí ọ̀nà jáde ló kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀ tó fi di 214. Prostaglandin yìí kan náà ló tún ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti da iyọ̀ nù. Nígbà tí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́, iyọ̀ dúró, omi dúró tì í, ẹsẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ ru.

Ohun tí ẹ bi gan-an, kí ló kan kíndìnrín: prostaglandin náà ló ń jẹ́ kí ẹ̀yìn dùn wọ́n. Níbi tí ara bá ti fara pa, òun ló ń pariwo. Diclofenac ò mọ ti ẹ̀yìn yàtọ̀ sí ti kíndìnrín. Bó bá ti wọ ẹ̀jẹ̀, ibi gbogbo ló ti ń dí wọn lẹ́nu.

ỌmọẸlẹ́ja
Hẹ̀n! Ó ti yé mi. Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ka ti páìpù yẹn sí màmá létí, wọ́n ní "ta ló ní kí wọ́n fi páìpù méjì síbẹ̀?"

Ìyá_Ìbejì_2
Apòògùn, ṣé ìdí nìyẹn tó fi máa ń gún mi nínú tí mo bá lò ó láìjẹun?

Apòògùn_EtíỌ̀sà
Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn, mà. Prostaglandin ló ń mú kí inú máa ṣe ohun yíyọ̀ kan, bí ikun imú, tó ń bo ara rẹ̀, kí omi kíkan inú má baà jẹ ẹ́. Ará Gẹ̀ẹ́sì kan, John Vane, ló fi hàn ní ọdún 1971 pé bí aspirin ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Òun pẹ̀lú àwọn ará Sweden méjì, Bergström àti Samuelsson, ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel lórí ọ̀rọ̀ prostaglandin ní 1982. Ẹ ò rí i pé èèyàn ti ń lo aspirin fún ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ ibi tó ń gbà.

Ìtàkùn_Ọ̀sà
Ibuprofen ńkọ́? Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ní kẹ́mísítì ńkọ́? Ìyẹn ò gba inú kọjá.

Apòògùn_EtíỌ̀sà
Ọmọ ilé kan náà ni gbogbo wọn: ibuprofen, diclofenac, piroxicam, naproxen, aspirin tó bá pọ̀. Celecoxib tí wọ́n ń sọ pé ó tutù fún inú, kò tutù fún kíndìnrín. Abẹ́rẹ́ náà ńkọ́? Ìdí ni wọ́n gún, kíndìnrín ló dé. Aspirin kékeré 75 tí dókítà máa ń kọ fún ọkàn yàtọ̀, ẹ má torí ọ̀rọ̀ mi já a.

Baba_Pópó-Ọba
Mo ti ka gbogbo àlàyé yín. Ẹ fún obìnrin yẹn ní oògùn mẹ́ta, oògùn mẹ́ta ń bá ara wọn jà nínú rẹ̀, ẹ wá jókòó ẹ ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń jà. Kó kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ewé àti egbò wà. Àwọn ìyá wa tó ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́ yìí láti ayé Kòsọ́kọ́, lisinopril wo ni wọ́n lò?

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́
Bàbá, ẹ má bínú sí mi, ọmọ yín ni mo jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè dá sí i kí ẹlòmíì tó kà á kó lọ ṣe é.

ỌmọẸlẹ́ja, diclofenac ni kí màmá jù nù. Wọn ò gbọ́dọ̀ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra wọn. Dókítà lè ní kí wọ́n sinmi lisinopril tàbí oògùn ìtọ̀ yẹn fún ọjọ́ díẹ̀ kí kíndìnrín fi gbádùn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni kí ó ti jáde. Ẹ̀jẹ̀ tó wà ní 178, téèyàn bá tún fi í sílẹ̀ láìsí oògùn, ọpọlọ ló lè lọ bú sí.

Ní ti àgbo, bàbá, mi ò sọ pé ewé ò wúlò. Àmọ́ kíndìnrín tó ń ṣàárẹ̀, ohun tí a ò mọ ìwọ̀n rẹ̀ kọ́ ló yẹ ká dà lé e lórí, pàápàá èyí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró. Mo ti rí i lóríṣiríṣi ní wọ́ọ̀dù. Àwọn ìyá ayé Kòsọ́kọ́, ta ló wọn ẹ̀jẹ̀ wọn? "Ó ṣubú lulẹ̀ lójijì" ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n á sì wá aládùúgbò tó ṣe é.

Baba_Pópó-Ọba
O gbọ́n, ọmọ yìí. Mi ò tíì gbà o.

Fọlá_Ìtòíkín
Èmi wá láti bi ìbéèrè kan. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ lisinopril ni mo ti ń wúkọ́. Ikọ́ gbígbẹ, ọ̀fun á kàn máa rìn mí tìkìtìkì lóru. Mo ti lo oògùn ikọ́ ìgò mẹ́ta. Ṣé prostaglandin náà ni?

Apòògùn_EtíỌ̀sà
Fọlá, jáwọ́ nínú ìgò kẹrin. Ońṣẹ́ mìíràn lèyí, bradykinin lorúkọ rẹ̀, ará ojú fèrèsé náà ni òun náà. Ohun tó ń ṣe angiotensin nínú ara, òun kan náà ló ń pa bradykinin run. Nígbà tí lisinopril dè é lọ́wọ́, bradykinin ń pọ̀ sí i. Ó ń là iṣan ẹ̀jẹ̀, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ó tún ń rin ọ̀fun. Sọ fún dókítà, oògùn tó jọ ọ́ tí kì í mú ni wúkọ́ wà, losartan àti àwọn ẹbí rẹ̀. Bí ètè tàbí ahọ́n bá sì wú lójijì, má sùn lé e, sáré lọ síléèwòsàn. Ó wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú ju lára àwọn tó kù lọ.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ẹbí oògùn yìí ti wá, nítorí ó máa dùn mọ́ Bàbá. Ejò kan wà ní Brazil, jararaca. Tó bá bu èèyàn ṣán, ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún á wálẹ̀ wọ̀ọ̀, á dákú. Dókítà ará Brazil kan, Sérgio Ferreira, yẹ oró náà wò láàárín ọdún 1960 sí 1969, ó rí i pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí bradykinin kú. Orí iṣẹ́ yẹn ni wọ́n gùn tí wọ́n fi ṣe captopril, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1981. Lisinopril tí màmá ń lò, àbúrò captopril ni.

Baba_Pópó-Ọba
Ẹ ti gbọ́ tẹnu wọn! Oró ejò lẹ ń fún ìyá arúgbó mu, ẹ wá ń fi ojú àgbo gbolẹ̀!

Káyọ̀_Òkè-Balógun
Bàbá ti mú wọn 😂😂

Apòògùn_EtíỌ̀sà
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò fún ẹnikẹ́ni ní oró. Wọ́n wo bí oró ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n wá fọwọ́ ara wọn ṣe èyí tó jọ ọ́, mílígíráàmù rẹ̀ sì wà lára páálí. Ọjọ́ tí a bá mọ mílígíráàmù inú ìgò àgbo yín, èmi ni màá kọ́kọ́ tò ó sórí pẹpẹ.

Baba_Pópó-Ọba
Ìyẹn gan-an ni kí ìjọba wá ṣe. Mo gbà ní apá ibẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Fisió
Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, nítorí ohun tí mò ń kà nílé ẹ̀kọ́ gan-an nìyí, ara ń ta mí láti ìgbà tí mo ti rí àkòrí yìí. Apòògùn ti sọ pé wọ́n ń ṣe prostaglandin, kò sọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Ọ̀rá kan ni, tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì wa, arachidonic acid. Ẹ fi wé ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ kan náà ni wọ́n fi ń ṣe gàrí, òun ni wọ́n fi ń ṣe fùfú, òun ni wọ́n fi ń ṣe láfún. Ọwọ́ tó bá bọ́ sí ló kù. Bí ọ̀rá yìí bá bọ́ sọ́wọ́ COX, enzyme kan, ìyẹn òṣìṣẹ́ inú ara tó ń sọ nǹkan kan di òmíràn, á di prostaglandin. Ọwọ́ COX yìí ni diclofenac ń dè. Ṣùgbọ́n bó bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn enzyme mìíràn tó ń jẹ́ CYP, nǹkan méjì mìíràn ló lè dà: 20-HETE tàbí EET.

EET ń là iṣan ẹ̀jẹ̀, ó ń dá ẹ̀jẹ̀ ríru dúró, ó ń pẹ̀tù sí wíwú àti gbígbóná ara. 20-HETE ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ẹ ó wá sọ pé ọ̀tá nìyẹn. Ẹ dúró ná. Iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá dé inú páìpù tí ìtọ̀ ń gbà, 20-HETE kan náà ló ń sọ fún kíndìnrín pé kó da iyọ̀ nù, ìyẹn sì ń mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ibi tó dúró sí ló ń sọ ohun tó jẹ́. Mo ti lo odindi ọdún kan lórí òun nìkan, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Ní ti EET, ìṣòro rẹ̀ ni pé ara ní enzyme kan tó máa ń yára já a wẹ́wẹ́. Àwọn onímọ̀ ti ṣe oògùn tó ń di enzyme yìí lọ́wọ́ kí EET lè pẹ́ sí i, wọ́n sì ti ń dán an wò lára èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ má tíì wá a dé kẹ́mísítì, kò sí níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_2
Ẹ̀gẹ́! Ọlọ́run á fún ọ ní ọpọlọ sí i. Ẹja ńkọ́? Wọ́n ní ọ̀rá ẹja dára fún ẹ̀jẹ̀ ríru, àwa sì rèé ní Ẹ̀pẹ́ ibi tí ẹja wà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Fisió
Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, mà. Ọ̀rá inú ẹja olọ́ràá lè gba ipò arachidonic acid, àwọn ońṣẹ́ tó ń ti ibẹ̀ jáde kì í le tó ti àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru sì lè wálẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o. Ẹja tí wọ́n ti fi iyọ̀ pa, ohun tí ọ̀rá rẹ̀ mú wálẹ̀ ni iyọ̀ rẹ̀ á tún gbé gòkè.

Ìtàkùn_Ọ̀sà
Èwo ló ń bí èwo gan-an? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ba kíndìnrín jẹ́ ni, àbí kíndìnrín ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru?

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́
Wọ́n jọ ń fa ara wọn ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń lu asẹ́ ya. Kíndìnrín tí asẹ́ rẹ̀ ti ya ò lè da iyọ̀ nù mọ́, á tún máa tu renin sínú ẹ̀jẹ̀, renin yìí ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ angiotensin, ẹ̀jẹ̀ á tún ru sí i. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀. Ní 1898, Tigerstedt àti Bergman lọ kíndìnrín ehoro, wọ́n fa omi rẹ̀ sí ehoro mìíràn lára, ni ẹ̀jẹ̀ ìyẹn bá ru. Renin nìyẹn.

Alùpùpù_Nófọ̀rìjà
Mi ò fẹ́ dá sí i. Ọdún méjì ni mo fi gbé ibuprofen sápò, nítorí ọ̀kadà tí mò ń gùn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ mi báyìí. Mo ti ta ọ̀kadà náà.

Ìyá_Ìbejì_2
Olúwa á wò ọ́ sàn.

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́.

ỌmọẸlẹ́ja
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀. Màmá ti jáwọ́ nínú diclofenac. Dókítà ní kí wọ́n dá lisinopril àti oògùn ìtọ̀ dúró ná, ó fi amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, rọ́pò wọn. A ṣe àyẹ̀wò lánàá: creatinine 214 ti wálẹ̀ sí 131. Ẹ̀jẹ̀ 142 lórí 86. Ọrùn ẹsẹ̀ wọn ti yọ padà, mo tún tẹ̀ ẹ́ wò. Kí ló dé tó fi jẹ́ amlodipine?

Apòògùn_EtíỌ̀sà
Ọlọ́run ṣeun! 131 ò tíì dé 98, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ wò bóyá èròjà purotéènì ń jò sínú rẹ̀. Tó bá ń jò, dókítà lè dá lisinopril padà nítorí asẹ́, kó má yà yín lẹ́nu. Ní ti amlodipine, renin kì í pọ̀ lára ọ̀pọ̀ nínú àwa aláwọ̀ dúdú tí ẹ̀jẹ̀ wa ń ru, iyọ̀ ni tiwa máa ń rọ̀ mọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní CREOLE, tó jáde ní 2019, orílẹ̀-èdè mẹ́fà nílẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti ṣe é, Nàìjíríà wà níbẹ̀. Oògùn méjì-méjì ni wọ́n fún àwọn èèyàn. Èyí tí amlodipine wà nínú rẹ̀ ṣiṣẹ́ ju èyí tí kò sí níbẹ̀ lọ. Amlodipine náà lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú díẹ̀ o, tí ẹ bá rí i ẹ sọ.

Ẹ̀yìn wọn ńkọ́?

ỌmọẸlẹ́ja
Ó ṣì ń dùn wọ́n. Parasítámọ́ ni dókítà fọwọ́ sí, ó sì sọ iye tí wọn ò gbọ́dọ̀ kọjá. Mo gbé pákó tí wọ́n fi ń la ẹja lé orí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, ó wá tó wọn ní ìgbáròkó, wọn ò bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kìn-ín-ní, wọ́n ní mo sọ àwọn di oníbúrẹ́dì. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ìyá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ti wá búlọ́ọ̀kù tiwọn.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lánàá ṣá. Ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń pàtẹ mú ẹ̀tù ẹ̀fọ́rí kan jáde, ó ní kí wọ́n fi yọ́nu sí ẹ̀yìn, pé ẹ̀tù ni, kì í ṣe oníhóró. Màmá na pépà náà sí mi: "Wò ó, ṣé ìyẹn náà ń pa á lẹ́nu mọ́?" Mo kà á, aspirin ló wà nínú rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Màmá dá a padà fún un. Ọ̀rẹ́ wọn gbà á, ó já etí rẹ̀, ó da gbogbo rẹ̀ sẹ́nu lójú wa, ó sì fi omi tì í.

Apòògùn_EtíỌ̀sà
Ṣé ọ̀rẹ́ wọn yẹn ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru?

ỌmọẸlẹ́ja
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi màmá. Dókítà kan náà, lisinopril kan náà.

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́
Ọjọ́ ọjà wo ni wọ́n máa ń wà níbẹ̀? Èmi á gbé ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ wá.